Ilé Olódi Cape Coast àti Okùn tí Ó So Ó Mọ́ Ilẹ̀ Yorùbá

Ní àkókò wa yìí, àwọn ẹgbẹ́ ìjọ àti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé a máa rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Gánà, èyí tí àwọn baba wa mọ̀ sí Gold Coast títí di ọdún 1957, láti lọ wo àwọn ilé olódi tí àwọn òyìnbó kọ́ sí etí òkun níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá padà dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: "Àwa dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn tí àwọn baba ńlá wa gbà jáde." Àwa pẹ̀lú ti sọ ọ́ rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, àwa mẹ́sàn-án nínú ẹgbẹ́ yìí lọ sí ilé olódi Cape Coast, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà kí a tó jáde kúrò nínú àgbàlá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀kan nínú wa, ẹni tí ó ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, béèrè ìbéèrè kan tí ó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní, "Àwọn baba ńlá ta ni?" Láti inú ìbéèrè yẹn ni ìwé kékeré yìí ti jáde wá. A fẹ́ sọ ohun tí ilé náà jẹ́, àti ohun tí ó so ó mọ́ ìtàn ilẹ̀ wa ní tòótọ́; nítorí okùn kan ń bẹ tí ó so wá pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí a rò pé a so ó sí ni a so ó sí.

Cape Coast wà ní ìwọ̀-oòrùn Accra, ní nǹkan bí kìlómítà 145, ní ọ̀nà tí ó tọ etí òkun lọ. Àwọn Fántì, onílẹ̀, ń pe ìlú náà ní Oguaa, èyí tí ó tan mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ọjà. Àwọn Pọtogí ni ó pe ṣóńṣó ilẹ̀ tí ó yọ sínú òkun níbẹ̀ ní Cabo Corso. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, ẹnu wọn kò gbà á, wọ́n sì sọ ọ́ di Cape Coast, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti máa ń ṣe sí orúkọ ìlú onílùú. Orí àpáta ni a kọ́ ilé olódi náà sí, ìgbì òkun sì ń kọlù ú tọ̀sán-tòru. Àpáta yìí jẹ́ ibi ìbọ fún àwọn onílẹ̀. Nana Tabir ni orúkọ òrìṣà tí ó ni ín, ọ̀kan nínú òrìṣà 77 tí àwọn ará Oguaa ń kà. Ẹni tí ó bá mọ ojú tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń wo Olúmọ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Àwọn oníṣòwò kọ́ ilé wọn lé òrìṣà onílẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n òrìṣà náà kò lọ, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i níwájú.

Àwọn ará Súwídìn ni ó mọ odi Carolusborg sí orí àpáta náà ní ọdún 1653. Kò pẹ́ tí ó fi di ohun ìjàdù. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì gbà á, àwọn onílẹ̀ gbà á, ó ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn, títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gbà á ní ọdún 1664. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, de Ruyter, ọ̀gágun orí omi ti ilẹ̀ Hólàndì, gba púpọ̀ nínú àwọn odi Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní etí òkun náà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká Cape Coast. Láti ìgbà náà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ín lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní àṣẹ ní ọdún 1672, èyí tí a ń pè ní Royal African Company, fi ibẹ̀ ṣe orílé-iṣẹ́ wọn, wọ́n sì sọ odi kékeré di ilé ńlá. Ẹgbẹ́ oníṣòwò mìíràn rọ́pò wọn ní ọdún 1750, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ sì gba ibẹ̀ sọ́wọ́ níkẹyìn. Ibẹ̀ ni olórí ìjọba Gold Coast ń gbé títí a fi gbé olú-ìlú lọ sí Accra ní ọdún 1877.

Nígbà tí ènìyàn bá kọ́kọ́ wọlé, ẹwà ilé náà ni yóò kọ́kọ́ rí. Kí a má ṣe parọ́: ilé náà lẹ́wà. Ògiri rẹ̀ funfun báláú, àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ níbẹ̀ débi pé ẹni tí oòrùn ọ̀nà ti pa yóò fẹ́ jókòó kí ó sì sinmi. Àwọn ìbọn àgbá tò lọ lórí odi, wọ́n kọjú sí òkun. Ọkùnrin Fántì tí ó ń fi ọ̀nà hàn wá ní kí a wo ibi tí ẹnu àwọn àgbá náà kọ sí. Òkun ni wọ́n kọjú sí, kì í ṣe ìlú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò bẹ̀rù pé ìlú yóò kó wọn. Òyìnbó ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣọ́. Ọ̀dọ̀ ará ìlú ni oúnjẹ wọn ti ń wá, ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé, wọ́n ń san owó rẹ̀ fún àwọn olórí onílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò dúdú sì ni àwọn ẹrú ti ń wá. Àwọn tí a mú lójú ogun ní òkè, ní ìhà Àṣàǹtí àti síwájú sí i, àwọn tí a jí gbé, àwọn tí a fi gbèsè mú, ọwọ́ dúdú ni wọ́n bá dé ẹnu odi. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà sọ ọ́ láìfi bò, a sì bu ọlá fún un nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó mú wa sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà tí ó lọ sí àjà-ilẹ̀ àwọn ọkùnrin dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, bí ènìyàn sì ti ń lọ ni ìmọ́lẹ̀ ń dín kù. Yàrá òkúta ni wọ́n, òrùlé wọn rí roboto bí ọrun, ihò kéékèèké mélòó kan tí ó wà ní òkè ògiri nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Nínú yàrá wọ̀nyí ni a ń kó àwọn ènìyàn sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù, títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń yàgbẹ́. Nígbà tí a tún ilé náà ṣe, a wa ilẹ̀ yàrá kan títí a fi kan bíríkì tí a kọ́kọ́ tẹ́ síbẹ̀. Ohun tí ó bo bíríkì náà mọ́lẹ̀ ni ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí ènìyàn tí ó ti gan bí ilẹ̀. A wa apá kan, a fi apá yòókù sílẹ̀ bí ó ti wà. Orí rẹ̀ ni a dúró sí. Ọkùnrin náà pa iná ọwọ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú wa. Níbẹ̀ náà ni ojúbọ Nana Tabir wà lónìí, nínú àjà-ilẹ̀ gan-an, pẹ̀lú adúrótì rẹ̀. A ti ń wò ó pé kí ni kí àwa ọmọ ìjọ ṣe níwájú rẹ̀. A dákẹ́, a sì kọjá.

Nígbà tí a tún jáde sí ìmọ́lẹ̀, ọkùnrin náà na ọwọ́ sí yàrá tí ó wà lókè ibi tí a ti ń bọ̀. Ó ní, "Ibẹ̀ ni ilé ìsìn wọn." A kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé. Ó tún un sọ. Ilé ìsìn àwọn ará ilé olódi wà lórí àjà-ilẹ̀ àwọn ọkùnrin. Ohun tí ó jẹ́ òrùlé fún àwọn kan ni àwọn kan ń kúnlẹ̀ lé gbàdúrà.

Àwọn àlejò mìíràn a máa gbọ́ èyí, wọn a mi orí, wọn a sì máa lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn etí òkun. Àwa kò lè tètè kúrò níbẹ̀, nítorí ìjọ tiwa ni. Ìwé àdúrà tí a ń kà ní ilé olódi náà ni àwọn baba wa wá túmọ̀ sí èdè Yorùbá lẹ́yìn náà. Nítorí náà ó yẹ kí olùkàwé wa mọ ẹni tí ó ń kà á níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1752, Ẹgbẹ́ S.P.G. ti ìjọ Gẹ̀ẹ́sì rán àlùfáà kan, Thomas Thompson, sí Cape Coast. Ìlera rẹ̀ kò jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó rán ọmọkùnrin mẹ́ta láti ìlú náà lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1754 láti lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ikọ́ àwúgbẹ pa ọ̀kan nínú wọn. Orí èkejì dàrú, òun náà sì kú sí òkèèrè. Ẹ̀kẹta ni Philip Quaque, tí ó tan mọ́ Cudjo, ọ̀kan nínú àwọn olórí ìlú tí ó ń ṣe agbẹnusọ láàrin àwọn onílẹ̀ àti ilé olódi. A sàmì fún un ní ọdún 1759, a sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1765. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọwọ́ lé lórí. Kí àwọn tí ó mọ ìtàn Crowther kí ó ka ọdún náà dáradára: ó tó ọdún 78 lẹ́yìn rẹ̀ kí a tó fi Crowther jẹ àlùfáà ní ọdún 1843.

Quaque padà dé ní ọdún 1766 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kú ní ọdún náà gan-an. Ó gbé inú ilé olódi yẹn títí ó fi kú ní ọdún 1816, àádọ́ta ọdún gbáko. Iṣẹ́ méjì ni a fi lé e lọ́wọ́: kí ó jẹ́ àlùfáà fún àwọn òyìnbó tí ó wà nínú odi, kí ó sì jẹ́ oníwàásù àti olùkọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Kò rọrùn fún un ní apá méjèèjì. Ó ti gbàgbé èdè Fántì ní ìlú òyìnbó, ó sì ń fi ògbufọ̀ bá àwọn ará ilé baba rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn òyìnbó ní tiwọn kì í fẹ́ wá sí ìsìn. Àwọn tí ó sì wá kì í fẹ́ súnmọ́ tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nítorí wọ́n mọ bí ìgbé-ayé wọn ti rí. Ó ń kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tí ó rán an, àwọn ìwé náà sì wà títí di òní. Nínú wọn ó ráhùn nípa òwò ẹrú, pé òwò náà ń ba ọkàn àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́ ìhìnrere jẹ́. Síbẹ̀ nínú owó àwọn oníṣòwò ẹrú ni a ti ń mú owó iṣẹ́ rẹ̀ kan san, lórí àwọn ẹrú ni ó sì ń dúró kàwé ní ọjọ́ Ìsinmi.

Kí ni a ó sọ nípa ọkùnrin yìí? Lọ́nà, nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn láàrin wa. Àwọn kan ní kò yẹ kí ó dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ní níbo ni ó ìbá lọ, ẹni tí kò lè sọ èdè ilé mọ́, tí òkèèrè kì í sì í ṣe ilé rẹ̀? Ní ti Thompson tí ó rán an lọ sí ilé-ìwé, kò sí àríyànjiyàn: nígbà tí ó padà sí Ìlú Ọba, ó tẹ ìwé kan ní ọdún 1772 láti fi hàn pé òwò ẹrú kò lòdì sí òfin Ọlọ́run. Àlùfáà ni, ó sì mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilé ìsìn náà. Ní ti Quaque, ìdájọ́ tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè dá a sílẹ̀ pátápátá. Ibojì rẹ̀ wà ní àgbàlá ilé olódi náà, ènìyàn sì lè rí i láti ẹnu ọ̀nà àjà-ilẹ̀. Nítòsí rẹ̀ ni ibojì Gómìnà George Maclean wà, àti ti ìyàwó rẹ̀, Letitia Landon, akéwì olókìkí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó kú níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1838 nígbà tí kò tí ì lo oṣù mẹ́ta ní Cape Coast. Àwọn àlejò òyìnbó a máa dúró pẹ́ níbi ibojì tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè olùkọ́ wa. Ǹjẹ́ àwọn baba ńlá Yorùbá ni ó gba ilẹ̀kùn yẹn jáde? Ìdáhùn ìtàn ni pé bóyá la fi rí wọn níbẹ̀. Àwọn tí a kó gba ibẹ̀ jẹ́ Akan, àti àwọn ènìyàn òkè tí ó wà lẹ́yìn wọn. Ìdí méjì ni ó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Èkínní ni ọ̀nà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wà nínú agbára rẹ̀, ẹrú tí Ọ̀yọ́ bá tà a máa gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ sí etí òkun, sí Allada, sí Whydah, sí Àjàṣẹ́ àti Bàdágìrì. Ìdí kejì ni àkókò, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù. Òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1807 fi òpin sí òwò ẹrú fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn Cape Coast sì tì. Ìgbà náà ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1817, nígbà tí Ìlọrin dìde, tí Ọ̀yọ́ ń wó, tí ogun Òwu sì tú ilé ká, ni a tó kó àwọn ènìyàn wa ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ sí etí òkun. Èkó ni ó di ẹnu ọ̀nà ńlá. Ọ̀dọ̀ àwọn Pọtogí àti àwọn ará Bràsíìlì àti Kúbà ni a tà wọ́n sí. Crowther fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa: a mú un ní Òṣogùn ní ọdún 1821, Èkó ni a ti kó o wọ ọkọ̀ Pọtogí ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń mú òfin 1807 ṣẹ ni ó sì gbà á lórí omi, tí ó gbé e lọ sí Sàró.

Èéṣe nígbà náà tí a fi ń lọ sọkún ní ẹnu ilẹ̀kùn ẹlòmíràn? A rò pé ìdí rẹ̀ ni pé Èkó kò ní ilé olódi. Àwọn òyìnbó oníṣòwò ẹrú kò kọ́ ilé òkúta síbẹ̀. Inú ahéré tí a fi igi àti koríko kọ́, àti inú àgbàlá ilé amọ̀ àwọn ọlọ́lá wa, ni a ń kó ẹrú sí. Òjò ti wó gbogbo rẹ̀. Ní Bàdágìrì a ń fi ilé Seriki Williams Abass hàn fún àlejò, ní Whydah odi àwọn Pọtogí ṣì wà, ṣùgbọ́n ní Èkó, ẹni tí ó bá dúró ní Marina kì yóò rí òkúta kan tí yóò sọ fún un pé níhìn-ín ni. Òwò tí ó fi òkúta kọ́lé ni a ń rántí. Òwò tí ó lo ilé wa, tí ó sì lo orúkọ àwọn ìdílé tí a ṣì ń kí nílé ìsìn, a kì í fẹ́ mú àlejò lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n a ní okùn kan ń bẹ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní odi kan ní Whydah tí a ń pè ní William's Fort, abẹ́ àṣẹ Cape Coast ni ó sì wà títí wọ́n fi fi í sílẹ̀ ní ọdún 1812. Ọ̀gá tí ó wà níbẹ̀ ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí Cape Coast, ó sì ń ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn. Àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Whydah a sì máa dúró ní Gold Coast láti ra àgbàdo tí wọn yóò fi bọ́ ẹrú lórí òkun, àti láti háyà àwọn atukọ̀ Fántì, nítorí ìgbì Whydah le, ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ ilẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí Ọ̀yọ́ tà sí Whydah ní àkókò Abíọ́dún lè má fi ojú rí Cape Coast láéláé, síbẹ̀ kí òṣìṣẹ́ kan nínú ilé funfun yẹn ti fi kálámù fa ilà kan nítorí rẹ̀.

Okùn kejì yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọwọ́ Quaque ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ ní ìwé nínú yàrá rẹ̀. Nígbà mìíràn wọn kò pé mẹ́wàá, nígbà mìíràn kò sí ẹyọ kan. Ilé-ìwé náà kò parun lẹ́yìn ikú rẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti jáde tí wọ́n kó ara wọn jọ ní ọdún 1831 láti máa ka Bíbélì. Bíbélì kò tó wọn. Wọ́n bẹ ọ̀gá ọkọ̀ kan, Potter, kí ó bá wọn ra sí i. Ọ̀gá ọkọ̀ náà sọ fún àwọn Wẹ́sílì, àwọn Wẹ́sílì sì rán Joseph Dunwell, ẹni tí ó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1835, tí ibà sì pa nínú ọdún náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Thomas Birch Freeman dé ní oṣù kìíní ọdún 1838, ọmọ Áfíríkà ní ìhà baba, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní ìhà ìyá.

Àwọn olùkọ́ mọ ìyókù. Àwọn ará wa tí a gbà sílẹ̀ ní Sàró ti ń padà wá sí Bàdágìrì, ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, sì kọ̀wé ní ọdún 1841 pé kí a rán oníwàásù sí wọn. Freeman wọ ọkọ̀ láti Cape Coast, ó dé Bàdágìrì ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ó dé Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tayọ̀tayọ̀. Ohun tí a kì í sábà kọ́ àwọn ọmọ ni orúkọ ẹni tí ó bá a wá, tí ó sì dúró sí Bàdágìrì nígbà tí Freeman padà lọ. William de Graft ni, ọmọ Fántì, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ka Bíbélì ní 1831. Inú ilé olódi náà ni ó ti kọ́ ìwé. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wa láti Sàró àti láti Ìlú Ọba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ ti inú yàrá àlùfáà tí ó ń gbé lórí àjà-ilẹ̀ wá. A ti rò ó títí bí a ó ti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ Ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi, a kò sì tí ì fi ẹnu kò.

Okùn kẹta kúrú. Ní ọdún 1874 ni Ìlú Ọba so Èkó mọ́ Gold Coast lábẹ́ Gómìnà kan ṣoṣo, kò sì tú u sílẹ̀ títí di ọdún 1886. Nítorí èyí, títí a fi gbé olú-ìlú lọ sí Accra ní ọdún 1877, Cape Coast ni a ti ń ṣe àkóso Èkó.

Ní ọdún 1979 ni àjọ UNESCO ka ilé olódi náà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí òkun Gánà, mọ́ ohun ìní gbogbo ayé. Ìjọba Gánà sì ń tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a ń tún un ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn dúdú láti Amẹ́ríkà tí ó ń gbé nítòsí lòdì sí i pé kí a má ṣe kun ibẹ̀ ní ọ̀dà kí a má baà kun ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Àwọn onílẹ̀ ní ilé tí a kò bá kùn, omi òkun yóò jẹ ẹ́ run. A gbọ́ tàwọn méjèèjì. Ìwé ìwọlé wọ́n fún àlejò ju onílẹ̀ lọ, àwa ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àlejò. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ jà sí i, a rọ̀ ọ́.

Ẹnu ilẹ̀kùn etí òkun ni ọ̀nà àbẹ̀wò parí sí. Wọ́n kọ ọ́ sí i lókè pé ilẹ̀kùn àìpadà ni. Bí a ti ṣí i, ariwo wọlé: etí òkun kún fún ọkọ̀ ìpẹja aláràbarà, àwọn ọkùnrin ń tún àwọ̀n ṣe, àwọn obìnrin ń ṣa ẹja, ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí a sì yíjú padà láti wọlé, a rí i pé ní ìhà òde, wọ́n kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn àpadàbọ̀ ni. Ní ọdún 1998 ni a gba ibẹ̀ gbé egungun àwọn méjì tí ó jẹ́ ẹrú wọlé, ọ̀kan láti Jàmáíkà, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, tí a wá sin wọ́n sí ilẹ̀ Gánà.

Kí a tó wọ mọ́tò, a yà sí ọjà Kotokuraba. Obìnrin kan ń ta ọṣẹ dúdú, ọṣẹ tí àwọn ìyá wa ń sè ní ilé gan-an. A béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní "alata samina" ni. Samina ni ọṣẹ ní èdè wọn. Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ti ń pe àwa ará ìhà ìlà-oòrùn láti ìgbà pípẹ́. A sọ fún un pé àwa gan-an ni Alata. Ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo àwọn tí ó ni ọṣẹ tí wọ́n tún ń fi owó ra ọṣẹ. Àwa mẹ́sàn-án ni a wà níbẹ̀, ọṣẹ mọ́kànlá ni a rà.